Dúrọ́ọ̀mù májèlé tó wọ Koko lórúkọ ẹrù ìkọ́lé: Ẹ̀kọ́ ńlá fáwọn tó ń jẹun ní Kirikiri

Ẹni tó bá mọ Kirikiri Lighter Terminal dáadáa yóò mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi eré. Ẹrù táwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá bá já, bájì ló ń gbé e gba orí omi wá síbẹ̀. Kọ̀ǹténà ni o, dúrọ́ọ̀mù ni o, páálí ni o, àwọn tó ń fi agbára jẹun kì í sábà mọ nǹkan tó wà nínú ohun tí wọ́n ń gbé. Ìwé lọ̀gá ń wò. Tí ìwé bá ti ní ọ̀dà ni, ọ̀dà náà ni lójú gbogbo ayé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Koko lọ́dún 1988 gan-an nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì di ohun ìgbàgbé.

Wọ́n ní ẹrù ìkọ́lé ni

Ìlú èbúté kékeré ni Koko, ìpínlẹ̀ Bendel ló wà nígbà náà, Delta ló bọ́ sí lónìí. Láàárín ọdún 1987 sí 1988, oníṣòwò ará Ítálì kan tó ń gbé Nàìjíríà ń kó ẹrù wọ ìlú náà. Ìwé tó fi kó o wọlé pè é ní ohun èlò ìkọ́lé àti kẹ́míkà. Ó bá bàbá kan níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì háyà àgbàlá rẹ̀ ní nǹkan bí $100 lóṣù. Baba rò pé àǹfààní dé ni. Kò mọ̀ pé ikú lòun gbà lálejò.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n tò síbẹ̀, ó ju tọ́ọ̀nù 2,000 lọ. Òòrùn ń pa á, òjò ń pa á, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì ló tú àṣírí. Wọ́n kà á nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀ pé pàǹtí olóró ni wọ́n ń kó lọ sílùú wọn, wọ́n sì kọ̀wé ránṣẹ́ sílé. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ọdún 1988, ariwo ti gba ìlú kan. Wọ́n bá PCB nínú àwọn dúrọ́ọ̀mù náà. Òróró táwọn ilé iṣẹ́ ń lò sínú tiransifọ́mà ni, kì í tètè jẹrà, tó bá wọ ara èèyàn, ó máa ń pẹ́ níbẹ̀, ó sì lè fa jẹjẹrẹ.

Inú bí ìjọba Babangida gidigidi. Wọ́n pe aṣojú wa ní Ítálì wálé, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ojú omi wọn kan, wọ́n sì ní kí wọ́n wá kó ìgbẹ́ wọn. Ọkọ̀ kan tó kó lára rẹ̀, Karin B, di aláìnílé lójú omi. Spain kò gbà á, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á, France náà lé e. Ohun tí wọ́n ní kò léwu fún Koko, òyìnbó kò fẹ́ rí i létí omi tiẹ̀!

Ta ló jìyà rẹ̀?

Ẹ má wo ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá. Àwọn tó fi ọwọ́ lásán kó dúrọ́ọ̀mù ọ̀hún ni. Ìròyìn ìgbà náà ní ara àwọn kan bó, àwọn mìíràn bì ẹ̀jẹ̀. Wọ́n tún ní àwọn kan da ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù nù, wọ́n sì fi ń pọnmi.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ìjọba ṣe Òfin 42 lọ́dún 1988 kan náà: ẹni tó bá kó pàǹtí olóró wọlé, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Òfin 58 ló dá FEPA sílẹ̀, NESREA sì gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2007. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kò wọ gbogbo etí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, NESREA mú ọkọ̀ MV Marivia ní Tin Can Island, nítòsí Kirikiri níbí, pẹ̀lú kọ̀ǹténà tí wọ́n di ẹ̀rọ alẹ̀dẹ̀ sí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí láàbù mọ̀ tí èbúté gbọ́dọ̀ mọ̀

Ní láàbù tó bá ń ṣe dáadáa, ìgò tí kò ní orúkọ lára, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀ tó sọ ohun tó lè ṣe fún ojú, awọ àti ẹ̀dọ̀fóró, àti ohun tí èèyàn máa ṣe tó bá ta síni lára. Ìbọ̀wọ́ kì í ṣe fáàrí níbẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù kì í sì í bá gọ́tà lọ.

Òfin Factories ilẹ̀ wa náà sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè aṣọ àti ohun ìdáàbòbò fáwọn tó ń fọwọ́ kan nǹkan olóró. Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe àánú. Tẹ́ ẹ bá rí àwòrán agbárí òkú, iná, tàbí ọwọ́ tí ásíìdì ń jẹ lára dúrọ́ọ̀mù, ẹ dúró ná, ẹ bèèrè. Ẹ̀yin ìyá wa l'Ájégúnlẹ̀ tẹ́ ẹ ń ra dúrọ́ọ̀mù àlòkù nítorí omi tó wọ́n, ẹ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó tà á kò bá lè sọ, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ọṣẹ kì í fọ PCB kúrò.

Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan kò tó owó ọsibítù. Àwọn ará Koko kò mọ̀ nígbà tiwọn. Àwa ti mọ̀ báyìí.