Lápálápá: ọgbà tí ewúrẹ́ kì í jẹ

Ẹ gbin ilá àti tòmátì sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ pọn omi sí i lójoojúmọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ wọlé, ó jẹ gbogbo rẹ̀. Kí ni ẹ ó ṣe?

Ikán a máa jẹ ọgbà igi gbígbẹ. Owó wáyà sì pọ̀. Ẹ fi lápálápá sọ ọgbà. Àwọn mìíràn ń pè é ní bọ̀tujẹ̀. Ewúrẹ́ àti màlúù kì í jẹ ewé rẹ̀.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ẹ gé ẹ̀ka tó ti gbó, tó nípọn ju àtàǹpàkò lọ, tó sì gùn tó ìgbọ̀nwọ́ 2. Ẹ má wọ aṣọ tó dára lọ síbẹ̀: bí oje rẹ̀ bá kan aṣọ, ọṣẹ kò lè fọ̀ ọ́ kúrò! Ẹ kó ẹ̀ka náà sí ibòòji fún ọjọ́ díẹ̀ kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ, kí ó má baà jẹrà nínú ilẹ̀. Bí ẹ bá ń rì wọ́n mọ́lẹ̀, ẹ la ọwọ́ yín: láti àtàǹpàkò dé ìka tó kéré jù ni kí ó wà láàárín igi kan sí èkejì. Ẹ so wọ́n mọ́ ọ̀pá tí ẹ gbé dábùú, nítorí pé gbòǹgbò ẹ̀ka kì í lọ jìnnà nísàlẹ̀, atẹ́gùn sì lè wó o.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ewé rẹ̀ yóò rẹ̀. Ẹ má fà á tu, kò kú! Ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀, ẹ ó rí àwọ̀ ewé lábẹ́. Ìgbà yìí gan-an ni kí ẹ gé orí rẹ̀, kí ó lè yọ ẹ̀ka púpọ̀, kí ọgbà sì dí.

Bí òjò bá dé, yóò yọ òdòdó kéékèèké. Oyin fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn òdòdó ni èso, inú èso ni ewu wà. Hóró dúdú 3 ló sábà máa ń wà nínú èso kan. Ó dùn lẹ́nu bí ẹ̀pà, ṣùgbọ́n májèlé ni. Bí ọmọ bá jẹ ìwọ̀nba díẹ̀ péré, yóò máa bì, inú yóò máa run ún, yóò sì máa ṣu omi.

Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ mú èso náà dání kí nọ́ọ̀sì lè rí i. Bí ó bá ń bì tàbí tó ń ṣu, ẹ máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà: omi mímọ́ líítà 1, ṣúgà ṣíbí kékeré 6, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kékeré. Kí ṣíbí má ga lórí o.

Orí ẹ̀ka tuntun ni òdòdó máa ń yọ sí. Nítorí náà, bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ tún máa gé orí ọgbà nígbà òjò, èso yóò dín kù. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ ká a kí ó tó já sílẹ̀.

Àwọn kan a máa fi òróró rẹ̀ se ọṣẹ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ so àpò hóró náà sókè, kí ẹ má sì kó o sínú àpò ẹ̀pà láéláé. Èérún tó bá kù lẹ́yìn òróró, ẹ má fún ẹran jẹ. Ìdí igi ọsàn ni kí ẹ dà á sí, ajílẹ̀ ni.