Níbo Ni Ìkànnì Yín Ń Gbé?

Kọ̀ǹpútà NeXT tí Tim Berners-Lee fi bẹ̀rẹ̀ ìtàkùn àgbáyé ní ìparí ọdún 1990, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí CERN lẹ́bàá Geneva, ní bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Yíǹkì pupa ni wọ́n fi kọ ìkìlọ̀ síbẹ̀ pé sáfà ni ẹ̀rọ náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Ìkìlọ̀ náà kì í ṣe àsọdùn. Inú ẹ̀rọ yẹn ni ìkànnì àkọ́kọ́ láyé ń gbé, ẹni tó bá sì ṣèèṣì pa á ti pa gbogbo ìtàkùn ìgbà náà nìyẹn.

Títí dòní, kò sí ìkànnì kan tí kò gbé inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí à ń pè ní sáfà, ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ wà ní títàn tọ̀sán-tòru. Owó àyè nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni à ń san tí a bá ní a ń san owó hosting.

Nígbà tí CERN yọ̀ǹda ìtàkùn àgbáyé fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ ní ìkànnì, ṣùgbọ́n ta ló ní sáfà nílé? Lọ́dún 1994, David Bohnett àti John Rezner dá iléeṣẹ́ tó padà di GeoCities sílẹ̀ ní California, wọ́n sì ń fún àwọn èèyàn láàyè lọ́fẹ̀ẹ́. Yahoo rà á lọ́dún 1999. Nígbà tó di 2009, Yahoo tì í pa ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn sì bá a lọ.

Ìlà kan ṣoṣo ló sọ hosting di ohun tí tálákà lè rà. Tẹ́lẹ̀, bí browser bá dé ọ̀dọ̀ sáfà, ojú ewé tó ń fẹ́ nìkan ló ń dárúkọ, kì í sọ ìkànnì tó ni ín. Ó dà bí àlejò tó wọ ilé olójúlé mẹ́wàá tó ní òun ń wá bàbá. Bàbá wo? Nítorí náà, ìkànnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àdírẹ́sì tirẹ̀. Ìlànà HTTP/1.1 tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 1997 sọ ọ́ di dandan pé kí browser fi ìlà kan kún ìbéèrè rẹ̀: «Host:», kí orúkọ ìkànnì sì tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìkànnì ti lè jọ máa gbé orí ẹ̀rọ kan àti nọ́ńbà kan, tí wọ́n sì jọ ń pín owó rẹ̀ san.

Èyí ni wọ́n ń pè ní shared hosting. Fún ṣọ́ọ̀ṣì, iléèwé tàbí aránṣọ tó fẹ́ kí àwọn oníbàárà rí iṣẹ́ òun, ó tó, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wọn. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ará ilé kan bá gba gbogbo agbára ẹ̀rọ, tiyín náà á máa falẹ̀. Bí títa àti rírà bá ti pọ̀ lórí ìkànnì yín, VPS ló kàn, níbi tí wọ́n ti pín ẹ̀rọ kan sí ìpín-ìpín tí ẹnì kan ò lè fọwọ́ kan ti ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n ó gba ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Cloud tún wà, irú èyí tí Amazon gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2006: iye tí ẹ bá lò lẹ ó san, owó náà sì lè ga lójijì bí ẹ ò bá ṣọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ̀rọ wà ló jẹ mí lógún jù. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé sáfà kan tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ hosting OVH kanlẹ̀ ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé. Ẹni tí ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ wà níbòmíì gbé e dìde padà. Ẹni tó jẹ́ pé ibi tí iná ti jó náà ni ẹ̀dà rẹ̀ wà pàdánù méjèèjì. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Ìkànnì tí sáfà rẹ̀ wà ní Yúróòpù gbọ́dọ̀ gba abẹ́ òkun kó tó dé Ìbàdàn. Bí àwọn oníbàárà yín bá wà nílé, ẹ béèrè ẹni tó ní sáfà ní Èkó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà sí, kí ẹ̀yin náà sì máa ṣe tiyín sílé. Ẹ béèrè iye tí ẹ ó san lọ́dún kejì, torí ẹ̀dínwó ọdún àkọ́kọ́ kì í sábà tún wáyé. Kí ẹ sì rí i pé orúkọ yín ni wọ́n fi forúkọ ìkànnì náà sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ ọmọkùnrin tó bá yín ṣe é.