Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Jíǹsì tó bá ara yín mu

Lẹ́yìn ìbímọ, tàbí bí ọjọ́ orí bá ń lọ sókè, ara kì í wà bó ṣe wà: ikùn lè yọ, ìdí lè joro. Ìyẹn ni jíǹsì àtijọ́ ò ṣe bá yín mu mọ́. Ẹ má bínú sí dígí.

Nọ́ńbà tó wà lára jíǹsì ò ṣeé gbára lé. Jíǹsì 32 ti ilé iṣẹ́ kan lè fún ju ti òmíràn lọ. Bẹ́ ẹ bá ń ṣa aṣọ àlòkù bẹ́ńdáùn lọ́jà Yábà, l'Ékòó, níbi tí kò ti sí yàrá ìwọṣọ, ẹ mú téèpù dání. Èyí tó bá itan àti ìdí mu ni kẹ́ ẹ rà, bí ìbàdí bá tiẹ̀ fẹ̀ díẹ̀. Télọ̀ lè gba ìbàdí wọlé, àmọ́ itan tó há ló ń dá wọn lágara.

Ẹ ka àkọlé kékeré tí wọ́n rán mọ́ inú rẹ̀. Elastane díẹ̀, bíi 2%, ló ń jẹ́ kó nà. Òwú pọ́ńbélé kì í nà tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti àṣà, bóńgò ẹlẹ́sẹ̀ gbòòrò ayé ọdún 1970 ti padà dé, wọ́n ní èyí tó fún pinpin ti kógbá wọlé. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bó bá ṣì wù yín, ẹ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ṣeé wọ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jókòó, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí bọ́tìnnì bá ń gún yín níkùn, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.