Ìgò Kékeré Inú Kúlà Dókítà Ẹran

Lọ́jọ́ tí dókítà ẹran wá gún àwọn ewúrẹ́ àdúgbò wa lábẹ́rẹ́, ẹ̀gbọ́n mi kan tí ilé wọn kángun sí tiwa bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Àbúrò, kí ló dé tí ọkùnrin yìí ń kánjú báyìí? Yìnyín ló kún inú kúlà rẹ̀, ìgò tó yọ jáde kò tóbi ju ọmọ ìka lọ, ohun tó gbẹ bí èérún búrẹ́dì ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣé oògùn nìyẹn?" Mo ní kí wọ́n jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

Kátà ni abẹ́rẹ́ náà wà fún. Ẹni tó bá ń sin ẹran mọ̀ ọ́n: ewúrẹ́ á máa gbóná, ikun á máa dà nímú rẹ̀, ojú á máa ṣomi, egbò á bo ẹnu, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. PPR ni àwọn dókítà ń pè é, ìkékúrú orúkọ Faransé kan, torí pé ilẹ̀ Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 1942. Kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á bá èyí tó ń fa èèyi lára àwọn ọmọdé tan, ṣùgbọ́n kì í ran ènìyàn.

Ohun tó wà nínú ìgò náà kì í ṣe oògùn tó ń wo ẹran tó ti ń ṣàìsàn. Kòkòrò kátà fúnra rẹ̀ ni, láàyè.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀.

Ara ewúrẹ́ kan ní Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti gba kòkòrò yẹn ní 1975, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi ń jẹ́ Nigeria 75/1 títí dòní. Adama Diallo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 1989, sìn ín nínú àwo lórí sẹ́ẹ̀lì tó ti inú kíndìnrín ọ̀bọ wá. Wọ́n ń gbé e láti àwo kan bọ́ sí òmíràn, ó lé ní ìgbà 50. Ó wá dà bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà sílẹ̀ òkèèrè: ojú rẹ̀ ṣì jọ tará ilé, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀ mọ́. Ara ewúrẹ́ á rí ojú yẹn, á kọ́ bí a ṣe ń bá a jà, àrùn kò sì ní wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bá gún un, ó kéré tán, ààbò rẹ̀ á tó ọdún mẹ́ta. Kí abẹ́rẹ́ yìí tó dé, abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn màlúù kan tó bá kátà tan, èyí tí Walter Plowright ṣe ní Muguga, ní Kenya, ni wọ́n máa ń gún fún ewúrẹ́. Àrùn màlúù yẹn ti parẹ́ láyé. 2011 ni wọ́n kéde rẹ̀.

Onímọ̀ kòkòrò ni gbogbo ayé máa ń yìn níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Èmi ò rò pé iṣẹ́ tirẹ̀ ló le jù. Bí kòkòrò náà ṣe máa dé àdúgbò wa láàyè ló le jù.

Ẹ̀wù ọ̀rá ni kòkòrò yìí wọ̀. Ẹ̀wù ọ̀hún ló mú kí ọṣẹ lásán lè pa á, bí ọṣẹ ṣe ń bọ́ epo kúrò lára àwo. Ooru náà ń bà á jẹ́, pàápàá tó bá wà nínú omi, nítorí inú omi ni ohun gbogbo ti ń rìn, tí wọ́n ń kọlu ara wọn. Ẹ wo gààrí. Bó bá gbẹ, ó lè wà nínú àpò fún oṣù mélòó kan. Bí ẹ bá ti da omi sí i, ẹ tètè mu ún. Ó yẹ ká mú kí kòkòrò yìí náà gbẹ, àmọ́ a ò lè yan án, a ò sì lè sá a sóòrùn.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n á kọ́kọ́ mú kó dì gbagidi, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ kúrò. Yìnyín inú rẹ̀ á di afẹ́fẹ́ omi tí a kò lè fojú rí, á fẹ́ lọ láìyọ́ rárá. Ṣùgbọ́n omi tó ń lọ yẹn wà lára ohun tó gbé ẹ̀wù ọ̀rá náà dúró. Bó bá lọ tán, ẹ̀wù á ya. Ibi tí ṣúgà ti wúlò nìyí: á di ibi tí omi fi sílẹ̀ mú, á sì le gan-an bíi súìtì tó ń dán bí dígí, tí ohunkóhun kò ní lè mira nínú rẹ̀. Ṣúgà kan wà tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe dáadáa, trehalose lorúkọ rẹ̀. Ó wà nínú olú, ó sì wà nínú yíìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí yíìsì gbẹ síbẹ̀ kó má kú. Ní ọdún 2000, àwọn olùwádìí kan fi mú kí abẹ́rẹ́ kátà gbẹ kíákíá, wọ́n sì rí i pé ó fara da ooru 45°C fún ọjọ́ 14 láìpàdánù agbára púpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Kí ló dé tí yìnyín ṣì wà nínú kúlà nígbà náà?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n. Ẹ ti rí súìtì tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lásìkò òjò rí, bó ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Bí ọ̀rinrin díẹ̀ bá wọ dígí ṣúgà, ooru tí kò tó nǹkan á rọ̀ ọ́, kòkòrò inú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn onímọ̀ ohun èlò ló ń ṣírò èyí, títí dórí irú rọ́bà tí wọ́n fi dé ẹnu ìgò. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń lo trehalose, nítorí náà yìnyín kò tíì kúrò lọ́wọ́ dókítà. Bó bá sì ti da omi sínú ìgò, ó di gààrí tí a rẹ: láàárín wákàtí díẹ̀, kò wúlò mọ́. Ó tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí sípíríìtì má kù sínú síríńjì, torí á pa kòkòrò náà.

Ìgò kan sábà máa ń tó ewúrẹ́ 50 tàbí 100. Bó bá ṣí i nítorí ewúrẹ́ mẹ́rin, ilẹ̀ ló máa da ìyókù sí. Bẹ́ẹ̀, kò yẹ ká fi abẹ́rẹ́ kankan ṣòfò, torí àjọ FAO tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé àti àjọ ìlera ẹranko lágbàáyé ti pinnu ní Abidjan ní 2015 pé kátà gbọ́dọ̀ tán nílẹ̀ ayé kó tó di òpin 2030. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé dókítà ẹran ń bọ̀ ládùúgbò yín, ẹ so ewúrẹ́ yín mọ́lẹ̀ láti àárọ̀, kí ẹ sì pe àwọn ará ilé kejì, kó tó ṣí ìgò.