Bí Owó Yín Bá Tó Ra Pawa Báìkì Nìkan, Kò Tíì Tó Rà Á

Bí ẹ bá ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ ariwo tí mò ń sọ. Àárọ̀ Sunday ni, ọ̀nà ṣì ṣófo, àwọn èèyàn ń múra ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, nǹkan kan á sì ké láti òkèèrè bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya. Kí ẹ tó yíjú, alùpùpù mẹ́fà ti kọjá. Pawa báìkì nìyẹn. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó wù mí í wò.

Ohun tó yí padà báyìí ni pé kì í ṣe ọmọ olówó nìkan ló ń rà á mọ́. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tòkunbọ̀ ti wọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, tó ti ń tọ́jú owó ọkọ̀ láti ọdún méjì, á ṣí fóònù ẹ̀ lálẹ́, á rí Yamaha R1 tàbí Suzuki GSX-R tó ti lé ní ogún ọdún. Ó ń dán gbinrin. Á ṣírò ó, á rí i pé owó ọwọ́ òun tó o. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èmi ò sọ pé kí ẹ má rà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé owó tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò yẹn kì í ṣe owó alùpùpù náà. Ìdajì owó ni. Ẹni tó bá san ìdajì yẹn, tí kò sì ní ìyókù, ara ẹ̀ ló máa fi san án.

Kí lẹ fẹ́ rà gan-an?

Lọ́dún 1992 ni Honda gbé CBR900RR jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Fireblade. Àrà tó wà nínú ẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnì ńlá ni, ṣùgbọ́n ara ẹ̀ fúyẹ́ bíi ti èyí tó kéré jù ú lọ. Lọ́dún 1998, Yamaha fi R1 dá wọn lóhùn: agbára ẹṣin 150 nínú ohun tí ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 177 kí wọ́n tó bu epo àti omi sí i. Nígbà tó di 1999, Suzuki gbé Hayabusa dé, ẹ́ńjìnì 1,299cc. Orúkọ irú àṣá kan ni lédè Japan, eré ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àṣá náà mu, nítorí ó kọjá 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Eré yẹn dẹ́rù bani débi pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe alùpùpù fẹnu kò pé tuntun tí àwọn bá ń ṣe ò ní kọjá 300 mọ́.

Ẹ fi wé Corolla àdúgbò yín. Corolla ọdún 2005 ní agbára ẹṣin bíi 130, ìwọ̀n ẹ̀ sì ju tọ́ọ̀nù kan lọ. R1 yẹn lágbára jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú márùn-ún ti Corolla. Kò ní bẹ́líìtì. Kò ní ABS. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ẹ̀ tó máa bá yín dín agbára kù bí táyà ẹ̀yìn bá fẹ́ yọ̀ lórí yanrìn. Ọwọ́ ọ̀tún yín ni kọ̀ǹpútà ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò tíì pé ọdún 24 ò lè lọ ṣe ìdánwò irú alùpùpù yìí tààrà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọdún méjì gun èyí tí agbára ẹ̀ ò ju kilowatt 35 lọ, ìyẹn bí agbára ẹṣin 47. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé ìwakọ̀ Class A kan náà ló bo Bajaj àti Hayabusa. Ọ̀pọ̀ tó ń gùn ún gan-an ò ní Class A, ìwé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló wà lápò wọn. Òfin wa ò dá yín dúró. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dá ara yín dúró.

Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Gbogbo ẹni tó kàwé òfin mọ ìlànà kan: ẹnikẹ́ni ò lè fún ni ní ohun tí kì í ṣe tiẹ̀. Bí olè bá ta alùpùpù fún Lágbájá, tí Lágbájá tà á fún Tàmẹ̀dò, tí Tàmẹ̀dò wá tà á fún yín, ẹni tí wọ́n jí i lọ́wọ́ ẹ̀ ló ṣì ni ín. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi inú rere ra á tó, ọlọ́pàá lè wá gbé e lọ. Ẹ̀yin á máa wá Tàmẹ̀dò kiri, fóònù ẹ̀ ò ní lọ mọ́. Bí wọ́n bá sì fi hàn pé ẹ mọ̀ pé ohun olè ni, ẹjọ́ ọ̀daràn nìyẹn. Owó pọ́ọ́kú tí ò bá ọjà mu wà lára ohun tí wọ́n máa fi bi yín léèrè.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì, ẹ wo nọ́ńbà. Nọ́ńbà ṣáásí máa ń wà lára irin níbi ọrùn, nítòsí ibi tí ọwọ́ alùpùpù ti ń yí. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà lára ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀. Ẹ fi méjèèjì wé ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìwé tí wọ́n fi forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà náà, tàbí bí lẹ́tà ẹ̀ ò bá tò dáadáa bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ú síbẹ̀, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀. Má jẹ́ kí n gbọ́ "ìwé ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Kí owó náà kúkú dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ kọ ìwé àdéhùn. Ojú ewé kan ti tó: orúkọ ẹni tó tà á, orúkọ ẹni tó rà á, nọ́ńbà méjèèjì, iye owó, ọjọ́, ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹnu sọ sínú ẹ̀, bíi "kò ṣubú rí" àbí "ẹ́ńjìnì ẹ̀ ò ṣí rí." Ìdí ni pé bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò, òfin ò fi bẹ́ẹ̀ gbà yín sílẹ̀ tó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó ń rajà ló yẹ kó lajú ẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n kọ sílẹ̀, tí wọ́n sì buwọ́ lù ú, lọ́yà yín á rí nǹkan dì mú. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ yí orúkọ padà sí tiyín lọ́fíìsì ìjọba. Ẹ má máa gun alùpùpù Lágbájá kiri.

Ẹ rántí ìṣúra pẹ̀lú. Third party tí òfin ní kẹ́ ẹ ní, ẹni tí ẹ bá kọlù ló wà fún. Kò ní ra alùpùpù míì fún yín, kò sì ní san owó ọsibítù yín.

Ẹ bá a ní tútù

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kò gbọdọ̀ tan án kẹ́ ẹ tó dé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Bó bá ti gbóná, ẹ bèèrè ìdí. Ẹ́ńjìnì tó gbóná máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀: tútù ni kì í fẹ́ tan, tútù ni èéfín aláwọ̀ búlúù máa ń yọ, tútù náà ni ṣéènì inú ẹ́ńjìnì máa ń dún kẹ́kẹ́kẹ́.

Ẹ wo táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níparí lẹ́tà DOT lára ẹ̀. Bó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Ojú ẹ̀ lè ṣì jinlẹ̀ dáadáa, kí rọ́bà náà sì ti gan bí awọ ìlù. Táyà tó ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́ dànù, kò sí àríyànjiyàn. Táyà ló sì máa ń jẹ́ ìnáwó tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á kì í ṣírò.

Ẹ tẹ iwájú ẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ wo ọ̀pá dídán ti ṣọ́ọ̀kì iwájú. Bí òróró bá ti yọ sí i lára, síìlì ẹ̀ ti lọ, òróró yẹn sì lè kán sórí bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ rọra yí ọwọ́ ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń há láàárín, bíárìn ọrùn ẹ̀ ti jẹ. Ẹ wo irin kékeré tó máa ń dá ọwọ́ ẹ̀ dúró nígbà tó bá yí dé òpin. Bó bá ti tẹ̀ tàbí tó ti kán, alùpùpù yẹn ti ṣubú gidi, ohun yòówù kí wọ́n fi kun ike ara ẹ̀.

Ẹ mú mítà iná dání. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, tí ẹ fún un ní iná díẹ̀, fóòtì bátìrì gbọ́dọ̀ wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bó bá ju 15 lọ, rẹ́gúlétọ̀ ti bàjẹ́, á sì se bátìrì jinná. Bó bá lọ sílẹ̀ ju 13 lọ, kò gba iná. Nígbà tí ẹ bá gùn ún wò, ẹ kíyè sí jíà kejì. Bó bá ń fò jáde nígbà tí ẹ fún un níná, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi ṣeré àgbérasọ, ẹ sì máa la ẹ́ńjìnì sí méjì kẹ́ ẹ tó lè tún un ṣe.

Ibi tí owó ń bá lọ

Bajaj tó ń gbé wa lọ sí títì ní sìlíńdà kan àti fáàfù méjì. R1 ọdún 1998 ní sìlíńdà mẹ́rin àti fáàfù 20. Mákẹníìkì ọlọ́kadà àdúgbò yín lè jẹ́ ọ̀jáfáfá nídìí iṣẹ́ tiẹ̀, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti ṣí irú èyí rí?" Bóòtì tó wọ inú alumínọ́ọ̀mù ní bó ṣe yẹ kí wọ́n fún un le tó. Ẹni tó bá fi agbára apá wọ̀n ọ́n máa já a. Ẹ wá ìwé àtúnṣe ti iléeṣẹ́ tó ṣe é, kẹ́ ẹ sì kà á.

Ẹ́ńjìnì àti kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ jọ ń mu ọ́ìlì kan náà ni. Ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n kọ "energy conserving" sí lára lè mú kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀. Èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí ni kẹ́ ẹ rà. Omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bó bá pẹ́, á hó nígbà tí bíréèkì bá gbóná, ọwọ́ bíréèkì á wá rọ̀ bí ẹ̀bà tó lómi jù. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún méjì-méjì. Ẹ fọ ṣéènì, kẹ́ ẹ sì fi òróró ẹ̀ sí i láàárín kìlómítà 500 sí 1,000. Èyí tó ń lo kábúrétọ̀, ẹ má fi epo sílẹ̀ nínú ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta láì gùn ún. Epo á dì bíi gọ́ọ̀mù.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìlú Èkó náà jẹ́ ọ̀tá ẹ̀. Afẹ́fẹ́ eré ló ń tu rédíétọ̀ ẹ̀ lára. Bí ẹ bá dúró lójú kan, fáànù nìkan ló kù. Bí fáànù bá ti kú, tí ẹ sì ń wo mítà ooru bó ṣe ń gòkè láì pa á, orí ẹ́ńjìnì lẹ ń sè yẹn.

Orí ló ń ṣọ́ ni, àbí?

Àwọn kan á ní, "Ẹ̀yin lọ́yà, orí ló ń ṣọ́ ni." Mo gbà. Ṣùgbọ́n orí náà fẹ́ àṣíborí. Ní January 2009, nígbà tí àjọ FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò dé àṣíborí, àwọn kan gbé igbá gbígbẹ dérí, àwọn míì dé ike ọ̀dà. A rẹ́rìn-ín wọn. Ẹni tó fi gbogbo owó ẹ̀ ra Fireblade, tó wá ra àṣíborí àlòkù tó ti jábọ́ rí, kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀ sí oní-igbá? Fóòmù inú ẹ̀ ti tẹ̀, ìgbà kan ṣoṣo ló ń gba ni.

Àwọn míì á ní mo fẹ́ fi í sílẹ̀ fún olówó nìkan. Rárá o. Kawasaki Ninja 300 wà, Yamaha R3 wà. Wọ́n rẹwà, wọ́n ń sáré tó bó ṣe yẹ, táyà wọn ò wọ́n tó ti R1, wọ́n sì máa ń dárí ji ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ẹ gùn ún fún ọdún méjì ná. Bí ẹ bá sì ń bá ẹgbẹ́ jáde, ẹ rántí pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹ wo ẹni tó wà níwájú yín dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ lé e.

Bí ọkàn yín bá ṣì wà lórí èyí ńlá, èyí ni ìmọ̀ràn mi: ẹ pín owó ọwọ́ yín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìdá kan fún alùpùpù náà. Ìdá kan fún táyà tuntun, bíréèkì, síìlì, ọ́ìlì àti ohun tí ojú ò tíì rí. Ìdá kẹta fún àṣíborí tuntun, jákẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́, bàtà gidi, ìwé Class A àti ẹni tó máa kọ́ yín. Bí ìdá àkọ́kọ́ ò bá tó ra èyí tí ẹ rí lórí fóònù, kò tíì yá nìyẹn. Ẹ tọ́jú owó náà sí i. Alùpùpù tó ti lo ogún ọdún lè dúró dè yín fún oṣù mẹ́fà míì.