Ṣé o mọ̀ pé mẹ́fà ni wọ́n, tí ọ̀kan ṣoṣo kò yẹsẹ̀?

Lọ́dún 1951, nígbà tí wọ́n dìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ òfin Macpherson, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan tó ń jẹ́ Ibadan Peoples Party ló kó gbogbo àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó jẹ́ ti Ìbàdàn. Akinlóyè, Lánlẹ́hìn, Abọ́dẹ́rìn, Akínbíyìí, Akínyẹmí, pẹ̀lú Gbàdàmọ́sí Adégòkè Adélabú. Nígbà tí ilé máa fi jókòó ní oṣù kìíní ọdún 1952, márùn-ún nínú wọn ti bá Action Group ti Awólọ́wọ̀ lọ. Akinlóyè di mínísítà ètò ọ̀gbìn. Adélabú nìkan ló lọ bá Azikiwe àti NCNC jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, níbi tí kò sí ipò mínísítà, tí kò sí mọ́tò ìjọba. Títí dòní ni wọ́n ń jiyàn lórí kápẹ́ẹ̀tì kúrọ́ọ̀sì ọdún náà, ìyẹn bí àwọn aṣòfin ṣe fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn: ta ló ṣèlérí fún ta, mélòó ló ṣí nípò. Ọ̀rọ̀ ti Adélabú nìkan ni kò sí ẹni tó ń jiyàn lé lórí. Ó ṣẹ́ ku òun nìkan, gbogbo Ìbàdàn sì rí i.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ náà ni “pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì” ti wá? Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá ni Adélabú máa ń rọ̀jò rẹ̀ nílé aṣòfin. Ìtàn tí Ìbàdàn gbà ni pé ó dìde lọ́jọ́ kan, ó ní “peculiar mess” ni ohun tí ìjọba gbé kalẹ̀ síwájú àwọn, ìyẹn rúdurùdu tí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ, ó dùn létí wọn, wọ́n sì gbé e wọ ọjà. Ẹ wo iṣẹ́ tí etí ọmọ Yorùbá ṣe sí i. Èdè wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì bẹ́ẹ̀ parí ọ̀rọ̀, nítorí náà wọ́n fi “ì” dí i nídìí. Ohùn inú “mess” sún mọ́ “ẹ” tiwa. “Ẹ” náà sì fa gbogbo fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀ mọ́ra, tí gbogbo wọn di “ẹ” bíi tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì di ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, tó ń dún bí ẹni pé agbè ńlá já lulẹ̀ tó sì fọ́ yángá. Wọ́n fi í ṣe orúkọ fún un. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká kọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ àti ìjà òṣèlú ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tí ìwé náà jáde lọ́dún 1994, ọ̀rọ̀ yìí ló fi sí àkọlé rẹ̀. Mi ò mọ aṣòfin mìíràn tí àsọjáde rẹ̀ kan ṣoṣo di ọ̀rọ̀ tí tọmọdé tàgbà ń lò láì tilẹ̀ rántí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Mùsùlùmí ni Adélabú, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS ní Kúdẹtì, ìyẹn St. David’s, ló ti kọ́kọ́ kàwé. Àǹtí rẹ̀ ló fi í síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Mapo Central, ó sì wọ Government College Ìbàdàn lọ́dún 1931. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì ni nígbà náà. Ọpọlọ rẹ̀ jí pépé débi pé iléeṣẹ́ UAC ló san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbà tó máa lọ sí Higher College ní Yábàá. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ó ti jókòó kọ àbá fún UAC lórí bí wọ́n ṣe lè tún ètò ìrajà kòkó ṣe ní agbègbè Ìbàdàn, wọ́n sì gbà á síṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lógún ọdún ló ń kọ́ òyìnbó oníṣòwò bí wọ́n ṣe ń ra kòkó!

Kòkó yìí kan náà ló mú un mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun àgbẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé igi kòkó ló fa ọ̀kan nínú ìbínú tó gbóná jù ní oko Ìbàdàn láyé òyìnbó? Àrùn kan wọlé tó ń mú ọ̀mùnú àti gbòǹgbò kòkó wú. Kò ní oògùn. Ohun tí ìjọba mọ̀ kò ju kí wọ́n gé igi náà lulẹ̀, kí wọ́n sì gé àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ mọ́ ọn. Fojú inú wo baba kan tó gbin kòkó rẹ̀ ní kékeré, tó dúró dè é fún ọdún márùn-ún kó tó so. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nínú oko rẹ̀ pẹ̀lú àdá, igi tí wọ́n ń gé sì ṣì ní èso lára. Nínú irú ìrora yìí ni Ẹgbẹ́ Máyégún ti dìde, orúkọ tó jẹ́ àdúrà pé kí ayé gún régé. Nígbà tó di 1953, Adélabú dá ẹgbẹ́ àwọn asanwó-orí sílẹ̀ nílùú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó so tìlú pọ̀ mọ́ toko, ó sì pè é ní Mábọlájẹ́. Má ba ọlá jẹ́: ọlá àwọn ìjòyè, ọlá àwọn mọ́gàjí, ọlá agboolé. Ẹ má fi ojú kékeré wo orúkọ yẹn. Ní Ìbàdàn, mọ́gàjí ni olórí agboolé, ẹni tó bá sì ti bá mọ́gàjí sọ̀rọ̀ ti bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀, láti ìyálé dé ọmọ àgbàtọ́. Àwọn olóṣèlú yòókù ń há ìwé kiri. Òun ń wọlé tọ àgbà lọ lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Èrè rẹ̀ yá. Lọ́dún 1954, Mábọlájẹ́ gba ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn, Adélabú sì di alága rẹ̀. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, NCNC borí Action Group nínú ìbò àpapọ̀ ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn gan-an. Òfin ìgbà náà sọ pé ẹgbẹ́ tó bá borí ní ẹkùn kan ló máa yan mínísítà mẹ́ta tí ẹkùn náà ní ní Èkó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí ìjọba ní Ìbàdàn, àwọn alátakò rẹ̀ ló ń ṣojú ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìjọba àpapọ̀: Kọ́lá Balógun, Festus Okotie-Eboh, àti Adélabú. Mínísítà ní Èkó, alága ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹrù náà wúwo ju orí lọ. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn rán ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Nicholson láti yẹ ìwé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn wò, ìròyìn tó jáde lọ́dún 1956 kò sì dára fún alága. Adélabú kọ̀wé fi ipò mínísítà sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n mi ò ní bo èyí mọ́lẹ̀: owó ìlú kò rí ìtọ́jú tó yẹ lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ohun tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ìbò ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn dé, Ìbàdàn sì tún rọ́ jáde dìbò fún un. Action Group gba àga 48, NCNC gba 32. Ó ti rò pé òun ló máa di Pírémíà. Olórí alátakò ló dà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni àga tó bá a mu jù lọ. A bí i fún kí ó dìde, kí ó tọ́ka sí ìwé ìṣúná, kí ó sì bi ìjọba ní ohun tí kò sí ẹlòmíràn tó láyà láti bi í.

Ṣé o mọ̀ pé ó kọ̀wé? “Africa in Ebullition” ni orúkọ rẹ̀, Áfíríkà ń hó yaya bí omi orí iná. Ọdún 1952 ló jáde, lẹ́yìn tí àwọn márùn-ún ti fi í sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n rò pé yóò wábi fara pamọ́ sí, tábìlì ìkọ̀wé ló jókòó tì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Kenneth Post àti George Jenkins kọ ìtàn ayé rẹ̀ síwèé kan tó jáde lọ́dún 1973, “The Price of Liberty”.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹta, ọdún 1958. Adélabú ń bọ̀ láti Èkó lójú ọ̀nà àtijọ́ tó gba Rẹ́mọ kọjá. Nítòsí Òdè Rẹ́mọ ni jàǹbá ọkọ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí i. Ọmọ ọdún 42 ni. Ìbàdàn kò gbà pé jàǹbá lásán ni. Wọ́n bú jáde nígboro àti lóko, wọ́n kọ lu àwọn ọmọ Action Group àti àwọn agbowó-orí, ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì ṣàn. Nílé aṣòfin, Dennis Osadebay, ọmọ Asaba, padà wá jókòó sórí àga olórí alátakò, àga kan náà tó ti dìde níbẹ̀ fún Adélabú lọ́dún 1956.