“Ó Ti Bàjẹ́”: Èdè Ìperí fún Àìṣedéédé Ẹ̀rọ Orin Alágbèéká

Bí aago bá dúró, bí ọbẹ̀ bá kan, bí ìwà ọmọ bá wọ́, bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti rìn, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni Yorùbá sábà máa ń lò fún gbogbo wọn: ó bàjẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe yìí tó, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún sábà máa ń wà nítòsí, ojú rẹ̀ sì ń rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nínú èdè ìperí, kò tó. Ẹni tí ó kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́ tí ó ta ẹ̀rọ fún un kò lè fi ẹ̀rọ náà hàn wọ́n láti òkèèrè. Ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ ni wọn yóò fi pinnu bóyá wọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí wọn yóò gba owó, tàbí wọn yóò ní kí ó lọ ra òmíràn.

Ìrírí àwọn tí ó ra ẹ̀rọ orin alágbèéká láàárín 1998 sí 2008 fi ọ̀rọ̀ yìí hàn dáadáa. Àwọn ẹ̀rọ náà ti kúrò lórí àtẹ báyìí: Microsoft dáwọ́ ṣíṣe Zune dúró ní 2011, Apple sì kéde òpin iPod ní 2022. Ṣùgbọ́n bátìrì àti ètò ìṣiṣẹ́ irú tiwọn ni ó wà nínú tẹlifóònù tí gbogbo ènìyàn ń gbé kiri lónìí, àìsàn kan náà ni ó sì ń ṣe wọ́n. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ tàbí atúmọ̀ bá rí fún ti àtijọ́ yóò wúlò fún ti ìsinsìnyí.

Orúkọ ẹ̀rọ náà kò le púpọ̀. Alágbèéká ti fìdí múlẹ̀ fún ohun tí ènìyàn lè gbé ká. Ṣùgbọ́n rédíò kékeré àti ẹ̀rọ onítéèpù ti jẹ́ alágbèéká tipẹ́tipẹ́. Ohun tí ó ya tuntun yìí sọ́tọ̀ ni pé wọ́n ti sọ ìró di nọ́ńbà kí wọ́n tó kó o pamọ́. Orin oní-nọ́ńbà ni kí ó máa jẹ́, kí ẹ̀rọ tí ń kọ ọ́ sì jẹ́ ẹ̀rọ orin oní-nọ́ńbà alágbèéká, tí ènìyàn lè gé kúrú sí ẹ̀rọ orin bí kò bá sí ìdàrúdàpọ̀. MPMan F10, tí ilé-iṣẹ́ Saehan ní South Korea ṣe ní 1998, wà lára àwọn àkọ́kọ́. Ní ọdún kan náà ni Diamond Multimedia ní California gbé Rio PMP300 jáde. Mẹ́gábáìtì 32 ni ààyè ìpamọ́ rẹ̀, èyí tí ó gba orin bí ìdajì wákàtí. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aṣàwo-orin ní Amẹ́ríkà pè é lẹ́jọ́ kí ó má baà tà á, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan kò sì gbà fún wọn ní 1999. Bátìrì kan ṣoṣo, irú èyí tí ń bẹ nínú tọ́ọ̀ṣì kékeré, ni Rio ń lò. Bí ó bá tán, ẹni tí ó ni ín á yọ ọ́, á fi òmíràn sí i. Nígbà tí Apple mú iPod jáde ní oṣù kẹwàá 2001, gíígábáìtì 5 ni ààyè inú rẹ̀, dọ́là 399 ni iye rẹ̀, ó sì gba nǹkan bí orin 1,000. Ṣùgbọ́n inú ni wọ́n de bátìrì rẹ̀ mọ́, láìsí ìdérí tí oníbàárà lè ṣí. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ó bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí.

Dákú kì í ṣe kú

Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà ni pé, láàárín orin, ojú ẹ̀rọ á dúró gbagidi, bọ́tìnnì kankan kò sì ní dáhùn mọ́. Púpọ̀ nínú wọn ló ń sọ pé ẹ̀rọ àwọn “kú”. Kò kú. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ni ó wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀ ni ó sì dé ibi kan tí kò lè kọjá. Lórí àwọn iPod àkọ́kọ́, bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ̀rọ náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, orin rẹ̀ a sì wà níbẹ̀ ní pípé.

Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún èyí jẹ mọ́ omi tí ó di yìnyín. Atúmọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé e yóò kọ pé ẹ̀rọ “dì”, òǹkàwé Yorùbá yóò sì máa ronú nípa epo tàbí ẹ̀kọ tí ó dì. Há sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí há wà fún ohun tí ojú lè rí, gẹ́gẹ́ bí bọ́tìnnì tí ó wọlé tí kò jáde mọ́. Dákú ni ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù lọ. Ẹni tí ó dákú kò gbọ́, kò sì fèsì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Omi ni wọ́n ń bù sí i lójú kí ó lè jí. Ìdákú ni kí orúkọ àìsàn náà jẹ́, kí ìtọ́jú rẹ̀ sì jẹ́ jíjí ẹ̀rọ dìde. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà èdè lásán. Ẹni tí ó gbà pé ẹ̀rọ òun kú lè sọ ọ́ nù, nígbà tí bọ́tìnnì méjì ìbá jí i.

Àwo tí kò fọ́

Ní ti àwọn ẹ̀rọ tí ó lo àwo ìpamọ́, àìsàn mìíràn tún wà. Àwo inú iPod àkọ́kọ́ kò ju íǹṣì 1.8 lọ ní fífẹ̀. Bí ó ti ń yí, ọ̀pá kékeré kan tí ó ní orí ìkàwé máa ń rìn lókè rẹ̀ láìfi ara kàn án, àlàfo àárín wọn sì kéré ju fífẹ̀ irun orí lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí ẹ̀rọ bá bọ́ lulẹ̀ ní àkókò yìí, orí ìkàwé lè kan àwo, ibi tí ó bá sì họ, ohun tí ó wà níbẹ̀ ti lọ. Àwọn tí ó ṣe é mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ààyè ìpamọ́ mìíràn, mẹ́gábáìtì 32, sí i. Àwo á yí fún ìgbà díẹ̀, á kó orin bíi mélòó kan sínú ààyè náà, á sì sinmi. Ẹ̀rọ lè máa kọ orin fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kí àwo tó tún yí. Oníbàárà tí ń fò láti orí orin kan bọ́ sí òmíràn ní gbogbo ìgbà kì í jẹ́ kí àwo rẹ̀ sinmi.

Bí atúmọ̀ bá kọ pé “àwo fọ́”, àfọ́kù ni Yorùbá ń wò lójú inú. Àwo tí à ń wí yìí ṣì wà ní odidi, ó sì lè máa yí pẹ̀lú ariwo kẹ́kẹ́kẹ́. Àwo tí ó họ ni kí ó kọ. Bí okùn tí à ń fi sí etí bá sì ni, já ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ kò mú àríyànjiyàn wá.

Bátìrì: tán, gbó, kùnà, àléébù

Bátìrì ni ọ̀rọ̀ ti le jù, torí pé níbẹ̀ ni kú ti gba ipò ọ̀rọ̀ mẹ́rin. “Bátìrì mi ti kú” lè túmọ̀ sí pé iná inú rẹ̀ tán, tí ó fẹ́ kí wọ́n gba iná sí i. Ó lè túmọ̀ sí pé kò gba iná púpọ̀ mọ́. Ó lè túmọ̀ sí pé wọn kò ṣe é dáadáa láti ilé-iṣẹ́.

Nínú bátìrì lítíọ́mù, àwọn èérún lítíọ́mù tí ó ní agbára iná nínú ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín ẹ̀gbẹ́ kan àti èkejì. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń gba iná sí i, díẹ̀ nínú wọn á lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀gbẹ́ kan bí ìpẹ́, wọn kò sì ní padà mọ́. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, àwọn tí ó lè rìn ń dín kù, wákàtí orin sì ń dín kù pẹ̀lú wọn. Gbó ni ọ̀rọ̀ Yorùbá fún èyí, gẹ́gẹ́ bí aṣọ ti í gbó. Gbígbó kò yẹ ní orúkọ, nítorí pé ajá náà ń gbó. Ogbó bátìrì ni ó dára. (Fún ènìyàn, àdúrà ni kí ó gbó kí ó sì tọ́, bátìrì kò ní ìpín nínú àdúrà náà.) Ooru ń mú ogbó yìí yá. Àwọn tí ó ti fi rédíò gbọ́ ìròyìn nílé Yorùbá mọ̀ pé wọ́n máa ń sá bátìrì sóòrùn bí ohùn rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, torí pé ìgbóná ń fún bátìrì rédíò ní agbára díẹ̀ sí i fún ìgbà kúkúrú. Olùkọ́ ní láti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún bátìrì lítíọ́mù ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbó o.

Ní 2003, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní New York, Casey àti Van Neistat, ṣe fíìmù kúkúrú kan nípa iPod tí bátìrì rẹ̀ kò wúlò mọ́ lẹ́yìn oṣù 18. Èsì tí ó wà nínú fíìmù náà láti ẹnu òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni pé dọ́là 255 ni àtúnṣe, láìka owó ìfiránṣẹ́, nítorí náà ó sàn kí wọ́n ra tuntun. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni Apple gbé ètò ìpààrọ̀ bátìrì kalẹ̀ fún dọ́là 99. Àwọn oníbàárà mìíràn gba ilé-ẹjọ́ lọ ní California, wọ́n ní bátìrì kò pẹ́ tó bí wọ́n ti polówó rẹ̀.

Orúkọ gan-an ni ìjà náà dá lé. Bí ó bá jẹ́ pé bátìrì gbó, ẹrù olówó rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí bàtà tí ó gbó kì í ti í padà sọ́dọ̀ aránbàtà. Bí ó bá jẹ́ àléébù ni, ẹrù ẹni tí ó ṣe é ni. Nínú àdéhùn tí wọ́n fi parí ẹjọ́ náà ní 2005, wọn kò mú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n kọ ìtumọ̀ kan kalẹ̀: bátìrì kùnà bí kò bá lè kọ orin láìdúró ju wákàtí 5 lọ nínú iPod ìran kìíní àti ìkejì, tàbí ju wákàtí 4 lọ nínú ìran kẹta. Wákàtí 10 ni wọ́n ti polówó fún ìran méjì àkọ́kọ́, 8 sì ni fún ìkẹta. Ìdajì ìlérí, nígbà náà, ni ààlà. Àǹfààní tí ó wà níbẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó rà á kí oṣù kẹfà 2004 tó wọlé ni ẹ̀tọ́ láti fi dọ́là 50 ra ọjà, tàbí, fún ìran kẹta, bátìrì tuntun.

Bí atúmọ̀ kan bá kọ “bátìrì tí ó ti kú” sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń kọ orin fún wákàtí mẹ́ta yóò gbé ìwé náà sílẹ̀, yóò ní ọ̀rọ̀ kò kan òun. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò sì lọ. Ìkùnà ni ó bá a mu, nítorí pé kùnà máa ń tọ́ka sí ohun tí wọ́n ń retí tí ọwọ́ kò tẹ̀. Bátìrì kan lè kùnà kí ó má tíì kú.

Àléébù tún ní ibi tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2011, Apple pe àwọn iPod nano ìran kìíní padà, èyí tí wọ́n tà láàárín oṣù kẹsàn-án 2005 sí oṣù kejìlá 2006, torí pé bátìrì wọn lè gbóná kọjá ààlà. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí ń ṣe bátìrì fún òun ni àṣìṣe ti wá. Àwọn kan lè fẹ́ lo àbùkù níbí. Kò burú, ṣùgbọ́n àbùkù máa ń kan ènìyàn lójú àwùjọ. Àléébù kò ní ẹ̀gún bẹ́ẹ̀ nínú.

Ọjọ́ 366

Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2008, àwọn ẹ̀rọ Zune alágbára gíígábáìtì 30, tí Microsoft gbé jáde ní 2006, dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló sọ pé ẹ̀rọ àwọn kú. Nínú aago ni ọ̀ràn wà. Láti mọ ọdún tí ó wà, ètò ìṣiṣẹ́ aago náà ń ka iye ọjọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ju 365 lọ, á yọ ọjọ́ ọdún kan kúrò, á tún wò ó. Ní ọdún ọlọ́jọ́ 366, ó gbọ́dọ̀ ju 366 lọ kí ó tó yọ ọ́. Ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 2008 jẹ́ 366 gééré: ó ju 365 lọ, nítorí náà ètò náà kò lè jáde, kò ju 366 lọ, nítorí náà kò yọ nǹkan kan. Ó ń yí po lójú kan. Ìyípo aláìlópin ni kí ó máa jẹ́, ìdákú sì ni èso rẹ̀.

Ìmọ̀ràn Microsoft rọrùn: kí oníbàárà dúró kí bátìrì ṣófo, kí ó sì gba iná sí i lẹ́yìn agogo 12 ọ̀sán ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2009 ní òǹkà Greenwich. “Jẹ́ kí bátìrì kú pátápátá” yóò dẹ́rù ba ẹni tí kò fẹ́ ra òmíràn. “Jẹ́ kí iná inú bátìrì tán pátápátá” ni ó tọ́. Atúmọ̀ kò sì gbọdọ̀ fo wákàtí náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá jí dìde nígbà tí aago rẹ̀ ṣì ń ka 366 yóò tún dákú.